Ohùn Dé, Ojú Ò Dé: Ohun Tí Fóònù Ń Gbé àti Ohun Tó Ń Fi Sílẹ̀

Bí ọkùnrin kan bá ń sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, tán-án-ná ọ̀fun rẹ̀ máa ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 120 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti obìnrin máa ń tó ìgbà 200. Bí gbígbọ̀n yìí ṣe ń yá tàbí ṣe ń falẹ̀ ni etí ń gbọ́ bí ohùn òkè, ohùn àárín tàbí ohùn ìsàlẹ̀, òun ló sì ń ya igbá tí wọ́n fi ń bu omi sọ́tọ̀ kúrò lára igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ. Tẹlifóònù oníwáyà àtijọ́, àti ọ̀pọ̀ ìpè orí fóònù alágbèéká lẹ́yìn rẹ̀, kì í gbé gbígbọ̀n yìí rárá. Ohùn tó bá wà láàárín 300 sí 3,400 nìkan ni wọ́n là ọ̀nà fún, kí wáyà kan lè gba ìpè púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 300 ti já sọ́nà. Bẹ́ẹ̀ ìyá tó wà ní Ìsẹ́yìn kì í ṣi igbá gbọ́ sí igbà lẹ́nu ọmọ rẹ̀ tó ń pè é láti Èkó.

Ohun tó fà á ni pé ohùn ènìyàn kì í dá rìn. Bí tán-án-ná bá ń gbọ̀n nígbà 120, àwọn ọmọ ohùn máa ń bá a jáde ní 240, 360, 480, 600, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Fóònù gé ìyá kúrò, ó gbé àwọn ọmọ tó kọjá 300 dé. Ọpọlọ ẹni tó ń gbọ́ á wo àlàfo tó wà láàárín ọmọ kan sí èkejì, á rí i pé 120 ni, á sì dá ìyá padà sáyè rẹ̀ láìjẹ́ pé olúwa rẹ̀ mọ̀ pé òun ṣe iṣẹ́ kankan. Gbogbo ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ló ń ṣe báyìí: wọ́n ń mú nínú ènìyàn, wọ́n ń fi ìyókù sílẹ̀. Níbi tí ẹni tó ń gbọ́ bá ti lè rí ìyókù yẹn fi ọgbọ́n dí, àjọṣe ń lọ geere. Níbi tí kò bá ti lè rí i dí, ìjà ló ń dé.

Àtẹ̀jíṣẹ́ kò gbé ìyá, kò gbé ọmọ. Lọ́dún 1985, nílùú Bonn ní Jámánì, Friedhelm Hillebrand jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀, ó ń tẹ gbólóhùn oríṣiríṣi, ó sì ń ka iye lẹ́tà àti àlàfo inú wọn. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ gbólóhùn kì í kọjá 160. Iye yẹn ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n àtẹ̀jíṣẹ́ kan títí dòní. Àmọ́ èdè àwọn ará Yúróòpù ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń to àtẹ lẹ́tà tó ń bá a ṣiṣẹ́. À, è àti ò wà níbẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí. Bí ẹyọ ẹ kan ṣoṣo bá bọ́ sínú àtẹ̀jíṣẹ́, fóònù á gbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà sórí àtẹ míì, àyè 160 á sì di 70. Àmì ohùn tó wà lórí ọ́ tàbí ẹ̀ tún ń gba àyè tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ Yorùbá bí olùkọ́ ṣe kọ́ ọ á san owó méjì tàbí mẹ́ta fún ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíì san owó kan fún. Ta ló fẹ́ san án?

Báyìí ni àtẹ̀jíṣẹ́ bíi “Oko mi ti baje, mi o le wa mo” ṣe ń dé ọwọ́ àwọn èèyàn. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ ń sọ nípa ọkọ̀ rẹ̀ tó kú sójú ọ̀nà. Ẹni tó gbà á lè kà á sí ọkọ, kó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a kẹ́dùn pé ìwà baálé rẹ̀ ti bàjẹ́. Ó sì lè kà á sí oko tàbí ọkọ́. Ohun tó ń kó àwọn èèyàn yọ ni pé ẹni tó mọ ẹni kì í nílò àmì púpọ̀. Àbúrò tó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ti di opó láti ọdún mẹ́wàá á ti mọ̀ pé mọ́tò ni. Àjèjì ló máa ṣì í kà.

Ìwádìí kan tí Justin Kruger àti Nicholas Epley gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2005 fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí èdè olóhùn. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ gbólóhùn kan fún ara wọn, àwọn kan tọkàntọkàn, àwọn kan bí ẹni ń fi èèyàn ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn tó kọ tiwọn sórí í-meèlì rò pé nínú 100, nǹkan bí 78 máa yé ẹni tó kà á. 56 péré ló yé wọn, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju kéèyàn ta owó sókè kó máa wo ibi tó dojú dé. Àwọn tó gbọ́ ohùn mọ 73. Ẹni tó ń kọ̀wé ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú orí bó ṣe ń kọ ọ́, kò sì mọ̀ pé ohùn náà kò tẹ̀ lé lẹ́tà lọ.

Ìdí nìyí tí ohùn tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ ránṣẹ́, tí WhatsApp mú wọlé lóṣù Kẹjọ ọdún 2013, fi bá àwọn Yorùbá lára mu tó bẹ́ẹ̀. Ìyá tí kò kàwé, tó jẹ́ pé ọmọ aládùúgbò ló ń bá a tẹ ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, bọ́ lọ́wọ́ akọ̀wé. Ó di fóònù mú gan-an, ó gbé e sún mọ́ ẹnu bí ife omi, àtàǹpàkò rẹ̀ kò sì kúrò lórí àmì ìgbohùnsílẹ̀. Á kí ọmọ, á kí aya ọmọ, á ki ọmọ-ọmọ ní oríkì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lẹ́yìn ìkíni kọ̀ọ̀kan, á dákẹ́ díẹ̀. Àyè ìdáhùn ló ń fi sílẹ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń dáhùn. Nígbà tí ọmọ bá ń gbọ́ ọ ní Houston ní wákàtí mẹ́ta sí i, òun náà á máa sọ “ẹ ṣé, mà” sínú àwọn àlàfo yẹn.

Nígbà tí ìròyìn ń fẹsẹ̀ rìn

Kí ìwé tó dé, àrokò ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Owó ẹyọ mẹ́fà tí wọ́n sín pọ̀ ń sọ pé ọkàn ẹni tó fi í ránṣẹ́ ń fà sí ẹni tó máa gbà á, nítorí fífà ń bẹ nínú ẹ̀fà. Bí mẹ́jọ bá padà wá, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ jọ. Àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín tí àwọn èèyàn ń tẹ̀ ránṣẹ́ lónìí kò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbé àrokò wá kì í sì í kàn gbé e sílẹ̀ kó máa lọ. Wọ́n á fún un lómi, á jókòó, wọ́n á béèrè àlàáfíà gbogbo ilé lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí àrokò kò sọ ni òun á sì sọ.

Wáyà abẹ́ òkun so Èkó pọ̀ mọ́ London lọ́dún 1886, àmọ́ ìjọba àti àwọn oníṣòwò ńlá ló wúlò fún. Láti ọdún 1985 ni NITEL ti ń bójú tó tẹlifóònù ní Nàìjíríà, síbẹ̀ nígbà tí ọdún 2001 fi wọlé, ìlà tẹlifóònù gbogbo orílẹ̀-èdè náà kò tó ìdajì mílíọ̀nù, bẹ́ẹ̀ àwọn ará ìlú ti lé ní 100 mílíọ̀nù. Ẹni tó bá fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ lókè òkun sọ̀rọ̀ á lọ tò sí ọ́fíìsì, títí wọ́n á fi pe orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kù ń gba ọwọ́ awakọ̀ àti arìnrìn-àjò, àwọn ìdílé míì sì ń gba ohùn wọn sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi lé ẹni tó ń lọ sí London lọ́wọ́.

Lóṣù Kìíní ọdún 2001 ni ìjọba gbé ìwé àṣẹ fóònù alágbèéká lé gbàǹjo. Mílíọ̀nù 285 dọ́là ni ẹyọ kan. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹjọ, Econet àti MTN ti ń ta ìlà. ₦50 ni ìṣẹ́jú kan, ẹni tó bá sì fi ìṣẹ́jú-àáyá kan kọjá ìṣẹ́jú náà ti san ti ìṣẹ́jú kejì. Kì í ṣe àpò nìkan ni owó yìí dá lóró, ó dá ìkíni náà lóró. Ìkíni Yorùbá tó pé kò ṣeé sáré ṣe: ẹ káàárọ̀, ṣé dáadáa la jí, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ara bàbá ńkọ́, ọjà ńkọ́. Kí wọ́n tó dé ọjà, owó ti tán. Àwọn èèyàn wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀bẹ̀ rọ́pò ìkíni: “Ẹ má bínú, sà, owó orí fóònù mi ò pọ̀.” Ìgbà tí Globacom dé lóṣù Kẹjọ ọdún 2003, tó ń fi ìṣẹ́jú-àáyá ka owó, ni ìkíni tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà sípò.

Ọ̀wọ́n owó yìí náà ló bí fláàṣì. Èèyàn á pe nọ́ńbà, á jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kan, á gé e, ẹni tó rí i á pè padà. Jonathan Donner, tó ṣèwádìí irú rẹ̀ ní Rwanda tó sì gbé e jáde lọ́dún 2007, rí i pé ó lófin tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Ẹni tó lówó ló ń pè padà. Ọkùnrin tó ń wá ojúure obìnrin kò gbọdọ̀ fláàṣì rẹ̀, ẹ̀tẹ́ ni. Ará Ìbàdàn kankan kò nílò kí wọ́n kọ́ òun ní òfin wọ̀nyí. Ẹ̀gbọ́n tí àbúrò fláàṣì tí kò pè padà ti di ahun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì mọ ohun tí àbúrò fẹ́.

Ta ló yẹ kó pe ta?

Láyé àtijọ́, “ọ̀nà jìn” tó ẹ̀bẹ̀. Ọmọ tí kò wálé fún oṣù mẹ́fà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ojú ọ̀nà ló ṣẹ̀. Fóònù pa ẹ̀bẹ̀ yìí. Àìkíni wá di ohun tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, nítorí kò sí ọ̀nà jíjìn kankan mọ́ láàárín àtàǹpàkò àti orúkọ ìyá tó wà lójú fóònù. Bí àṣà sì ṣe gbé e kalẹ̀, ọmọdé ló ń kí àgbà. Bí àgbà bá pe ọmọdé, ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ pé, “Ṣé èmi ni mo wá ń pè ẹ́ báyìí?” Àmì búlúù méjì tí WhatsApp mú wọlé lóṣù Kọkànlá ọdún 2014, tó ń fi hàn pé wọ́n ti ka ọ̀rọ̀, tún fi ẹ̀rí sí i. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò dáhùn lè sọ pé òun kò rí i. Nísinsìnyí, ó rí i ní aago mẹ́sàn-án ku ogún ìṣẹ́jú, ó sì dákẹ́. Àìmọye ìjà láàárín ìyàwó àti ìyakọ ni àmì kékeré yìí ti dá sílẹ̀, abájọ tí ọ̀pọ̀ fi pa á.

Ara kò tíì gbà pé ojú ò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ń wo ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń bá bàbá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù á rí i tó ń tẹrí ba, tó ń fi ọwọ́ òsì kan ilẹ̀ fẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ ògiri ló kọjú sí. Lọ́dún 1998, Jana Iverson àti Susan Goldin-Meadow fi hàn pé àwọn tí wọ́n bí ní afọ́jú pàápàá máa ń fi ọwọ́ júwe bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, kódà bó bá jẹ́ afọ́jú bíi tiwọn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ara àti ọ̀rọ̀ jọ ń jáde ni. Ìdọ̀bálẹ̀ orí fóònù kò wà fún ẹni tó ń gbọ́ nìkan.

Ibi tí ẹ̀rọ ti dun àṣà jù ni ìtúfọ̀. Yorùbá kì í la ikú mọ́lẹ̀. Ọba kì í kú, ó wàjà ni. Àgbà papò dà. Àwọn tí wọ́n bá rán sí ọmọ olóògbé ní ìlú òkèèrè kì í sì í dá lọ. Àgbà méjì tàbí mẹ́ta ni, wọ́n á dé ní ìdájí, wọ́n á ní kó jókòó, wọ́n á ní ara bàbá kò yá, kó múra kí wọ́n jọ máa lọ sílé. Ọmọ á ti fura. Kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà ilé, ara rẹ̀ á ti gbà á díẹ̀díẹ̀, nígbà tí wọ́n bá sì wá sọ ọ́, ọwọ́ wà láti dì í mú. Ọgbọ́n ìlera wà nínú èyí, kì í ṣe ìbòmọ́lẹ̀ lásán. Nísinsìnyí, ọmọ-ọmọ kan á ti gbé fọ́tò bàbá sójú ìwé Facebook rẹ̀, pẹ̀lú àbẹ́là tó ń jó, kí àkọ́bí tó gbọ́. Ẹni tó wà níbi iṣẹ́ ní Manchester á ṣí fóònù rẹ̀ lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, á bá “sùn re o, Bàbá” mẹ́rìnlá nínú gúrúùpù ẹbí.

Àwọn ìdílé ti ń wá ọgbọ́n sí i. Ọ̀pọ̀ ló ti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e sórí ẹ̀rọ títí olórí ẹbí á fi sọ̀rọ̀. Fún ọmọ tó wà lókè òkun, wọ́n kì í pe òun fúnra rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà nítòsí ni wọ́n ń pè, ọ̀rẹ́ á mú ẹnì kan dání, wọ́n á lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Fóònù gbé ọ̀rọ̀ kọjá òkun, àmọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn ló gbé e wọ ilé.

Ohun tí ohùn ń ṣe nínú ara

Ní Yunifásítì Wisconsin ní Madison, Leslie Seltzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 7 sí 12 sọ̀rọ̀ kí wọ́n sì ṣe ìṣirò níwájú àwọn àjèjì, ohun tó ń kó jìnnìjìnnì bá ọmọdé. Lẹ́yìn náà, ìyá dì mọ́ àwọn kan, àwọn kan bá ìyá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, àwọn kan kàn wo fíìmù. Èsì tó jáde lọ́dún 2010 fi hàn pé ohùn ìyá lórí fóònù mú kí oxytocin, èròjà tí ara ń sun nígbà tí ọkàn bá balẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni ẹni, gòkè bíi pé ìyá dì mọ́ ọmọ. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2012, wọ́n fi àwọn tí ìyá tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí kún un. Ọ̀rọ̀ títẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ara àwọn ọmọ wọ̀nyí dà bíi ti àwọn tí kò rí ìyá wọn bá sọ̀rọ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ìtùnú ni ìyá wọn ń tẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohùn náà kò gbọdọ̀ pẹ́ kó tó dé. Tanya Stivers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ní èdè 10 láti oríṣiríṣi ilẹ̀ ayé, wọ́n sì rí i lọ́dún 2009 pé láàárín ìbéèrè àti ìdáhùn, àlàfo tó wà níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá ní ìpíndọ́gba. Ìpè tó bá gba sátẹ́láìtì kọjá ń gòkè tó nǹkan bí 36,000 kìlómítà, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ ní iye kan náà, kí ìdáhùn tó tún gba ọ̀nà yẹn padà. Ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ti lọ. Àwọn tó ń pe ilé láti òkè òkun nígbà tí ìpè ń gba sátẹ́láìtì rántí rẹ̀ dáadáa: àwọn méjèèjì á sọ̀rọ̀ pọ̀, àwọn méjèèjì á dákẹ́ pọ̀, wọ́n á tún jọ bẹ̀rẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Jámánì, tó jáde lọ́dún 2014, tilẹ̀ fi hàn pé bí ẹ̀rọ bá ń fa ọ̀rọ̀ sẹ́yìn, ẹni tó ń gbọ́ kì í dá ẹ̀rọ lẹ́bi. Ó máa ń rò pé ẹni tó ń bá òun sọ̀rọ̀ kò fọkàn sí i. Wáyà abẹ́ òkun yàtọ̀. MainOne, tí ẹnjiníà Funke Opeke dá sílẹ̀, na tirẹ̀ láti Portugal dé Èkó lọ́dún 2010, nǹkan bí 7,000 kìlómítà, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba inú rẹ̀ kọjá kí ojú tó ṣẹ́.

Bí fóònù ṣe ń mú ẹni tó jìnnà sún mọ́, ó ń mú ẹni tó wà nítòsí jìnnà díẹ̀. Lọ́dún 2018, Ryan Dwyer, Kostadin Kushlev àti Elizabeth Dunn gbé ìwádìí jáde nípa àwọn èèyàn tó lé ní 300 tó jọ jẹun pẹ̀lú ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí. Àwọn tí fóònù wọn wà lórí tábìlì kò gbádùn oúnjẹ náà tó àwọn tó gbé tiwọn pa mọ́. Ìyàtọ̀ náà kò pọ̀, àwọn tó ń pariwo pé fóònù ti ba ilé jẹ́ kò sì gbọdọ̀ fi ìwádìí yìí búra.

Ewu tó wúwo jù ni ti ìgbàgbọ́. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí Ebola wọ Èkó, ìkìlọ̀ kan tàn káàkiri òru mọ́jú pé kí gbogbo èèyàn fi omi gbígbóná oníyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀. Irọ́ ni. Ó kéré tán, èèyàn méjì kú nítorí iyọ̀ náà, àwọn míì sì dèrò ilé ìwòsàn. Ohun tó jẹ́ kí ó wọlé ni pé kì í ṣe àjèjì ló fi í ránṣẹ́. Àǹtí ni, pásítọ̀ ni, ẹni tí kò ní purọ́ fún ẹni ni, ó sì pè ní aago mẹ́rin ìdájí nítorí ìfẹ́. Láti oṣù Kìíní ọdún 2019 ni WhatsApp kò ti jẹ́ kí èèyàn darí ọ̀rọ̀ kan sí ju ibi márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Níbi ìsọmọlórúkọ, ohun tí fóònù ń gbé àti ohun tí kò lè gbé wà lórí tábìlì kan náà. Ọmọ wà ní London, bàbá àgbà wà ní Òṣogbo, wọ́n sì ti gbé fóònù ti ìgò omi kí ó lè dúró. Bàbá àgbà ń gbàdúrà, àwọn tó wà níbẹ̀ ń ṣe àmín, ohùn àmín àwọn ará Òṣogbo sì ń dé lẹ́yìn ti àwọn ará London díẹ̀. Wọ́n mẹ́nu kan oyin. Ẹnì kan níbẹ̀ ló ní láti tọ́ ọ wò, kì í sì í ṣe ọmọ náà, nítorí àwọn dókítà kì í gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan lá oyin, torí kòkòrò àrùn botulism tó lè wà nínú rẹ̀. Ó kan orúkọ. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ á kọ́kọ́ ju owó sínú abọ́. Bàbá àgbà ti fi tirẹ̀ ránṣẹ́ láti ilé ìfowópamọ́ lánàá. Bàbá ọmọ yọ owó bébà kan láti àpò ara rẹ̀, ó jù ú sínú abọ́, ó wo ojú fóònù, ó sì ní, “Tiyín nìyẹn, bàbá. Ẹ máa wí.”